Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá mi, lórí àwo Elvis

Bọ̀ọ̀dá mi,

Àná la kó ẹrù inú yàrá yín. Ìdí àpótí ìwé ni mo ti rí i: àwo orin Elvis Presley, olórin Amẹ́ríkà yẹn, tí ẹ gbé bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí "Burning Love" ṣáájú nínú rẹ̀. Mo kàn jókòó sílẹ̀ ni.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ ní owó ńlá lẹ fi rà á? Irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Camden ló wà lára rẹ̀, orúkọ tí RCA, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin Elvis jáde, fi ń ta àwo pọ́ọ́kú. Orin mẹ́wàá péré. Méjì ló jẹ́ tuntun ní 1972, mẹ́jọ yòókù, inú fíìmù àtijọ́ tí Elvis ṣe ni wọ́n ti ṣà wọ́n jọ. "Burning Love" ló ń ta ìyókù. Àwa ò kúkú mọ̀. A kọ́ "Santa Lucia" sórí bí ẹni kọ́ katikísíìmù, Màmá ń ṣe àmín sí i, wọ́n rò pé orin ìjọ Àgùdà ni.

Ṣùgbọ́n ojú ibi tó ha lára orin "Guadalajara" ni mo tẹjú mọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ gbọọrọ, bí ilà ojú. Oṣù Kẹjọ 1977, ọjọ́ tí rédíò kéde pé Elvis ti kú ní Memphis, ẹni ọdún 42. Ẹ gbé àwo sórí ṣéńjà, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo, ẹkún ń gbọ̀n yín. Abẹ́rẹ́ dé ibẹ̀, ó fò. Ẹ ò bi mí léèrè kankan. Ìgbátí yẹn! Mo búra títí, Màmá ní kí n ṣáà bẹ̀ yín. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ohun tí n ò ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ń wá gbé e sí i lálẹ́ Sátidé, tọtí tọtí, ẹ ò bi wọ́n. Ẹ ò sì mẹ́nu kàn án mọ́ títí ẹ fi lọ. Bàbá kú, ẹ ò sunkún tó ìyẹn.

Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ àná ló ń dùn mí. Lórí ẹrù yín níbẹ̀ ni àbúrò wa obìnrin ti ní owó ìsìnkú tí ẹbí dá kò pé, pé ọwọ́ mi ló wà. Mo na ìwé sí i: owó pósí, owó kánópì, owó àga. Kò gbà á. Ọmọ yín pè láti Kánádà, ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ kàn ṣàlàyé." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 60, mo tún ń búra.

Kò sí ṣéńjà nílé mọ́. Mo ti ki àwo náà sínú àpò mi kí wọ́n tó kà á mọ́ ẹrù. Bí wọ́n bá bi mí, òun ni mo jí.

Àbúrò yín