Ta Ló Pe Èdè Ìyá Yín Ní Ọmọ Ẹrú?

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Àgbádárìgì,

Níjẹta tí mò ń ti ọjà bọ̀, mo rí pátákó kan níwájú ilé tí ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò wa ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé nírọ̀lẹ́. Ọ̀dà pupa ló fi kọ ọ́: ẹni bá sọ vernacular, ₦200. Èdè ìbílẹ̀ wa ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí ọlọ́kadà fi ń tẹ fèrè mọ́ mi. Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn rèé o.

Ìkarahun ìgbín ni wọ́n máa ń so mọ́ àwa lọ́rùn nílé ìwé tí a bá sọ Yorùbá tàbí Ègùn. Ọrùn ẹni tó bá wà tí agogo ìlọlé fi dún, olúwarẹ̀ á jẹ ẹgba. Lọ́jọ́ kan, àkekèé ń rìn bọ̀ níbi ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. Mò ń wá orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi ta á.

Ṣé ẹ mọ ibi tí vernacular orí pátákó yẹn ti wá? Látìn ni. "Verna" làwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe ẹrú tí wọ́n bí sílé olówó rẹ̀. Ibẹ̀ ni "vernaculus" ti yọ, tó wá di ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ilé ẹni. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ìtumọ̀ ti yí, mo mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti jẹ́ vernacular rí, nígbà tí Látìn ni èdè àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù. Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ lónìí? Ta ló sì ń gba owó ìtanràn lórí ohun ilé rẹ̀?

Àgbádárìgì kẹ̀! Níbi tí wọ́n ti ń kó èèyàn lẹ́rú sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu láyé àtijọ́! Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú lọ́dún 1821. Kó tó dé ìlú wa níbí ní 1845, ó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Lọ́dún 1846 ló rí ìyá rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Kí lẹ fẹ́ kó fi kí i?

Ẹ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó já gaara lẹ́nu yín, mi ò bá a jà. Àmọ́ èdè tí wọ́n fi rẹ̀ yín lẹ́kún, ẹ má so ìkarahun mọ́ ọn lọ́rùn. Ọmọ ẹrú! Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tọ́mọ, ẹ fi Ègùn bá wọn wí, kí wọ́n lè fi bẹ̀ yín.

Lánàá, mo wọlé tọ ọmọkùnrin náà lọ. Mo fi ₦200 lé tábìlì, mo wá kí i lédè Ègùn, bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kí i. Ó dọ̀bálẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ kan fi dá mi lóhùn. Mo fi owó náà sílẹ̀ níbẹ̀.