Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, láti Ẹ̀pẹ́

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní London? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò ò jẹ́ ká rímú mí níbí. Ọ̀nà ọjà Olúwo ti di ẹrẹ̀, òbòkún sì wọ́n bí ojú. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń fà, wọ́n ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ Àlàbí ló mú mi gbé bírò. Ọdún Káyókáyó kù dẹ̀dẹ̀, ọmọ náà sì ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó máa wa ọkọ̀ ojú omi fún àdúgbò wa. N ò mọ̀ o! Baba rẹ̀ mọ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n fi pamọ́ fún mi. Àfi lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn ọmọ kan sáré wá bá mi nídìí igbá ẹja pé ọkọ̀ wọn ti dojú dé nítòsí èbúté. Bàtà mi kan bọ́ lọ́nà, n ò wẹ̀yìn. Mo bá a lórí iyanrìn, ó ń pọ omi, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló jáde láyọ̀, àánú Ọlọ́run ni. Mo na ọwọ́ kí n gbá a létí, ni mo bá bú sẹ́kún.

Lálẹ́, mo ń fi òrí pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí àjẹ̀ ti bó níbi mẹ́ta. Mo ní kò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́. Ó dákẹ́ títí, ó ní, "Màámi, ní 1851 tí Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn wọn sá fún ìbọn Òyìnbó l'Ékòó, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé Ẹ̀pẹ́?" Èmi ni mo kọ́ ọ nítàn yẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Mo ra láìfù-jákẹ́ẹ̀tì fún un. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ dúró sẹ́yìn àwọn tó ń yan ẹja, mo ń wò wọ́n. Àbẹ̀kẹ́, ó dùn ún wò! Ìlù ń dún láàárín ọkọ̀, gbogbo àjẹ̀ ń wọmi lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń yí padà bọ̀, èjìká ọ̀tún Àlàbí ti rẹ̀ sílẹ̀. Àjẹ̀ tó yá wúwo jù ú lọ. Mo gbọ́ ohùn Bàbá wa létí mi: "Ẹ má bómi jà, ẹ tì í sẹ́yìn!" Ṣé o rántí ọjọ́ tí a jí ọkọ̀ wọn gbé? Wọn ò nà wá, wọ́n kàn ní ká máa wà á lọ.

Àjẹ̀ wọn yẹn ni mo fẹ́ tọrọ, èyí tó fẹ́lẹ́ tí ibi ìdìmú rẹ̀ ti ń dán, tó wà lókè àjà yàrá wọn. Bùrọ̀dá ló ni kọ́kọ́rọ́, wọ́n ò sì ní ṣílẹ̀kùn láìgbọ́ ohùn rẹ. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ ìsìnkú lo ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹrù ibẹ̀. Bí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́kàn, sọ fún mi, n ò ní bínú láé. Bí o bá gbà, jọ̀ọ́, pe Bùrọ̀dá kí Jímọ̀ tó pé. Èmi fúnra mi ni máa gbé e sọ̀ kalẹ̀, èmi náà ni máa nù ún, máa dá a padà síbi tí Bàbá fi sí.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́