Ẹ̀sùn lórí ìpín tí ẹ rà kọjá iye tí mo ní kí ẹ rà á

Ọjà Ọba, Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ owó ló mú mi kọ̀wé, owó mi tí ẹ ná láìgbàṣẹ: mo ní kí ẹ bá mi ra ìpín ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, kí ẹ má san ju dọ́là 48 lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì rà á ní 53.60.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo pàṣẹ náà, ọjà ìpín Amẹ́ríkà ti pa dé. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́dọ̀ wa ni wọ́n pa á lọ́jọ́ náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ti New York. Kò pẹ́ tí ọjà pa dé ni ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ gbé èsì èrè oṣù mẹ́ta rẹ̀ jáde, èsì náà sì dára. Mo ṣí áàpù yín, mo yan "limit order", ìyẹn àṣẹ tó ní iye tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá, mo kọ ìpín 15, mo kọ dọ́là 48, mo sì tẹ "extended hours" kí ó lè wọ ọjà alẹ́ tó ń lọ títí di aago kan òru. Áàpù ní òun ti gbà á. Fọ́tò rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, orúkọ ìpín náà àti nọ́ńbà àkáǹtì mi náà wà níbẹ̀.

Mo mọ ìdí tí mo fi dá iye lé e. Èrò kì í pọ̀ ní ọjà alẹ́. Ẹnì kan lè máa ta ní 48, kí ẹni tó tẹ̀lé e máa pè é ní 52, kí ó má sì sí ẹnikẹ́ni láàrin wọn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n sáà rà á ní iyekíye, owó rẹ̀ ni yóò fi gbọ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ ọ́ sínú ìkìlọ̀ tí mo buwọ́ lù pé limit order nìkan lẹ ń gbà ní àkókò yẹn.

Ìpín náà fò kọjá 48 kí ó tó kàn mí. Kò dùn mí. Tí kò bá bọ́ sí iye mi, kò ní rà, ó parí. "Day", ìyẹn ti ọjọ́ kan péré, ni mo fi àṣẹ náà sí, nítorí náà ńṣe ló yẹ kó kú ní aago kan òru tí ọjà alẹ́ parí.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń wọn aṣọ òfì fún àwọn ìyá ìyàwó kan ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí fóònù dún: ẹ ti bá mi ra ìpín 15 ní dọ́là 53.60 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dọ́là 720 ni mo ní kí ẹ má kọjá. Ẹ mú 804. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìpín ọ̀hún ti já wá sí 50 àti àbọ̀.

Èsì tí ẹ fún mi ló wá bí mi nínú jù. Ẹ ní ọjà alẹ́ máa ń gbóná, pé èmi ni mo gba ewu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo aago tó wà lórí rìsíìtì yín: 2:30 ọ̀sán, ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọjà. Ibo ni ọjà alẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ewu tí mo gbà ni pé mo lè má rí i rà, tàbí kí n rí díẹ̀ rà nínú rẹ̀. Mi ò gbà pé kí ẹ san owó tí mi ò fọwọ́ sí. Rìsíìtì yín sì ń pè é ní "Market", ìyẹn kí wọ́n sáà rà á ní iyekíye, nígbà tí áàpù yín ṣì ń pe àṣẹ kan náà ní "Limit 48". Ẹ̀yin lẹ kọ méjèèjì.

Bí mo bá rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ ra òwú, tí mo sọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá, tó sì bá a pé òwú ti gbówó lórí, owó mi ló máa gbé padà wá. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ọjà lẹ bẹ̀rù, ẹ ò bẹ̀rù èmi tí mo rán yín.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ dá dọ́là 84 padà sínú àkáǹtì mi, tàbí kí ẹ gba ìpín náà kí ẹ sì dá 804 mi padà pátápátá. Kí ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, ẹni tó sọ limit di market, bóyá áàpù yín ni tàbí alágbàtà tí ẹ ń lò ní Amẹ́ríkà. Ẹ má fi "ẹ má bínú" tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ ránṣẹ́ sí mi mọ́.

Tí ẹ ò bá dáhùn láàrin ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, Àjọ SEC ní Àbújá, àwọn tó ń ṣàkóso ọjà ìpín ní Nàìjíríà, ni mo máa kọ̀wé sí. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń ta ìpín òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ará Nàìjíríà láìforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ bá mi fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín sínú èsì yín.

Mo ti fagi lé gbogbo àṣẹ ìrajà mi tó kù lórí áàpù yín.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Ìlọrin