Oògùn Àlẹ́jì Kì Í Ṣe Oògùn Oorun fún Ẹni Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kì Í Sinmi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lójú ìwé ìlera nípa àìróorunsùn, ó sì wúlò, àfi ibì kan tí mi ò lè gbójú fò. Ẹ ní ẹni tí kò bá róorun sùn lè lo oògùn àlẹ́jì tó máa ń mú èèyàn tòògbé. Bí irú ẹni tí mo fi ṣe ọkọ bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn, ilẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ káàkiri títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Bàbá àwọn ọmọ mi ní àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní restless legs syndrome. Kì í ṣe pajápajá, kì í sì í ṣe làkúrègbé. Tó bá ti jókòó jẹ́ẹ́ nírọ̀lẹ́, tàbí tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ojúgun rẹ̀ bí ìgbà tí èèrà wọ inú egungun, kò sì ní í lè ṣe kó má mi ẹsẹ̀. Tó bá dìde rìn, ara á tù ú. Tó bá tún dùbúlẹ̀, ó ti dé. Àwọn kan ń sọ pé àròjù ló ń ṣe é. Àròjù kẹ̀? Thomas Willis, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1672, Karl-Axel Ekbom ará Sweden ló sì fún un lórúkọ lọ́dún 1945.

Ọkọ mi yìí kan náà ni imú ń yọ lẹ́nu. Tó bá ti ń sín léraléra, wọ́n á fún un ní oògùn àlẹ́jì tó ń jẹ́ chlorpheniramine. Èmi tí mo ń sùn tì í ni mo kọ́kọ́ fura. Alẹ́ tó bá lo oògùn yẹn, ojú rẹ̀ á wúwo, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á máa fà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ kò ní í jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Oorun ń kùn ún, ẹsẹ̀ ń lé e dìde: ìyà wo ló tún ju ìyẹn lọ? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ni mo bá kó gbogbo oògùn rẹ̀ lọ bá apòògùn.

Ohun tó ṣàlàyé rèé. Àwọn oògùn àlẹ́jì àtijọ́, bíi chlorpheniramine, diphenhydramine, promethazine, hydroxyzine àti doxylamine, máa ń wọnú ọpọlọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dí histamine lọ́nà, ìyẹn èròjà tó ń jẹ́ ká lajú sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń múni sùn. Àmọ́ wọ́n lè mú kí ẹsẹ̀ tí kì í sinmi le sí i. Ti promethazine tilẹ̀ burú jù, nítorí ó tún ń dí dopamine lọ́nà, ìyẹn èròjà inú ọpọlọ tó ń bá wa darí bí ara ṣe ń mira, bẹ́ẹ̀ àwọn oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi dopamine wà lára èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹsẹ̀ yìí. Diphenhydramine ní tirẹ̀ máa ń fara pamọ́ sínú oògùn òtútù àti oògùn ìrora tí wọ́n ṣe fún alẹ́. Èèyàn lè rò pé orí fífọ́ lòun ń wò.

Imú kò ní í tìtorí ẹsẹ̀ máa dà o. Àwọn oògùn àlẹ́jì tuntun bíi fexofenadine àti loratadine kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ọpọlọ. Cetirizine ń wọ̀ ọ́ díẹ̀, ó sì máa ń mú àwọn kan tòògbé. Oògùn tí a ń fín símú bíi fluticasone tún wà. Dókítà ti pààrọ̀ ti ọkọ mi sí fexofenadine. Ẹsẹ̀ náà kò san tán, ṣùgbọ́n ó ti padà sí ìwọ̀n tí a mọ̀ ọ́n sí.

Oògùn èébì tó ń jẹ́ metoclopramide àti ọ̀pọ̀ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà lè fa irú rẹ̀. Àìtó áyọ́ọ̀nù nínú ara ńkọ́? Ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ferritin, èyí tó ń fi hàn bí áyọ́ọ̀nù tó wà nípamọ́ nínú ara ṣe pọ̀ tó. Tó bá jẹ́ 75 ng/mL tàbí kó dín, dókítà lè ní kí àgbàlagbà tó ní àìsàn yìí lo áyọ́ọ̀nù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà dá a gbé mì láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó má sì dá oògùn tí dókítà kọ fún un dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ kọ orúkọ oògùn márààrún yẹn ní lẹ́tà gàdàgbà sójú ìwé ìlera, nítorí ẹni tó ń wá oògùn láàárín òru kì í ráyè ka àlàyé gígùn.

Èmi ni,
Ìyàwó ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi