Àkàndé, má tíì lẹ ẹsẹ̀ ère rẹ

Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Lísàbí,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Òtútù Nottingham ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí. Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbọ́ ohùn rẹ. Jọ̀ọ́, pè wọ́n.

Mo rí fọ́tò Imperial Knight tí o rà, ère ike ajagun onírin ńlá ti eré orí tábìlì Warhammer, tí èèyàn máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀ kó tó kùn ún. O ní o fẹ́ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ kí o lè tètè máa kùn ún. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì fọwọ́ kan gúlù. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà.

Láti ọdún 2014 tí Games Workshop, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, ti kọ́kọ́ gbé e jáde ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀: apá ń yí, ìbàdí ń yí, orí ń yí, ṣùgbọ́n orúnkún ti gan sójú kan láti inú páálí. Àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ lè dúró bó ṣe wù wọ́n, kò sẹ́ni tó máa wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ga ju bírò tí a gbé nàró lọ. Òun ni ojú gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ tábìlì máa kọ́kọ́ bọ́ sí, bó bá sì dúró bí òpó, òpó náà ni wọ́n máa rí, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ dára tó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á gé orúnkún, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n á ní ó ti ń rìn. Kò tíì rìn. Ìbàdí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan mo lọ jókòó sídìí Olúmọ, mo ń wo àwọn tó ń gba àtẹ̀gùn ara àpáta gòkè. Obìnrin kan gbé kúlà ọtí ẹlẹ́rìndòdò rù. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí òkúta, ìwúwo rẹ̀ kò tíì kúrò lórí ẹsẹ̀ òsì: ìbàdí òsì yọ síta, ó ga sókè, èjìká òsì sì relẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àyà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ síwájú, títí imú rẹ̀ fi dé orí orúnkún ọ̀tún, kí gìgísẹ̀ òsì tó kúrò nílẹ̀. Kúlà orí rẹ̀ kò mì. Gbogbo ohun tí ère rẹ nílò ló wà nínú ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yẹn.

(Má rò pé mò ń bu àwọn agbẹ́gilére wa kù o. Àwọn ère ìbejì tó ti agbo ilé Adugbologe jáde níbí, ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi dúró, wọ́n kọjú síwájú gbọnrangandan, ó sì yẹ wọ́n. Wọn ò gun òkè kankan.)

Tí o bá ti gé e, fi ìṣù Blu Tack, èyí tó rọ̀ bí àmọ̀ tó sì ṣeé ṣí kúrò, mú gbogbo oríkèé dúró ná. Wá okùn tẹ́ẹ́rẹ́, so nọ́ọ̀tì kan mọ́ ìdí rẹ̀ bíi ti bíríkìlà, kí o jẹ́ kó rọ̀ láti àárín àyà. Ibi tó bá balẹ̀ sí gbọ́dọ̀ wà lórí àtẹ́lẹsẹ̀ tó gbé e dúró, tàbí láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Tó bá bọ́ síta, ère náà ń ṣubú, ojú ẹni tó ń wò ó á sì mọ̀ bí ẹnu rẹ̀ ò tiẹ̀ lè sọ ọ́. Fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o tún wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

Ayùn tí eyín rẹ̀ wẹ́ ni kí o fi gé e, gba ojú ibi tí orúnkún ti pàdé itan, má gba àárín itan. Lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí o ki sípóòkù kẹ̀kẹ́ bọ̀ ọ́. Gúlù ike máa ń yọ́ ojú ike méjèèjì títí wọ́n á fi di ọ̀kan, èyí tí súpà gúlù kò lè ṣe. Ibi tó bá ṣẹ́ kù bí àlàfo, gé ìjẹkù férémù ike tí o ti gé àwọn ẹ̀yà ère náà kúrò lára rẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú gúlù ọ̀hún, á yọ́, á ki, fi dí i. Àwọn ọ̀pá tó ń na ẹsẹ̀ lẹ́yìn ni kí o má fojú fò. Bí orúnkún bá ká tí ọ̀pá náà ṣì gùn bíi ti tẹ́lẹ̀, irọ́ ti wọ̀ ọ́. Ike inú bírò ni mo fi ń ṣe tuntun, wáyà sì ń wọ inú rẹ̀ ṣinṣin.

Egungun rẹ̀ lọ́tọ̀, ìhámọ́ra lọ́tọ̀ ni kí o kùn wọ́n. Bo ojú ibi tí wọ́n máa ti pàdé, nítorí gúlù ike kì í ríṣẹ́ ṣe lórí ọ̀dà. Ní ti ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a ń fín, lásìkò òjò níbí ó máa ń funfun bí ẹfun; lásìkò ọyẹ́, ó ń gbẹ lójú afẹ́fẹ́ kó tó dé ara ère, á wá dà bí iyanrìn lọ́wọ́. Burọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kùn ún báyìí. Tìrẹ, yẹra fún ọjọ́ tí kùrukùru bá mú.

Ìhámọ́ra tèmi, aró ni. Àwọn ìyá aláró Ìtokú kì í rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, wọ́n á tún rẹ ẹ́, kó lè dú dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe é: ọ̀dà tó ṣàn bí omi, ìpele lórí ìpele, tí ojú ọ̀nà burọ́ọ̀ṣì kò fi hàn lórí irin gbalasa yẹn. Lórí èjìká òsì, níbi tí àwọn yòókù ń ya àmì ìdílé ajagun sí, àdìrẹ Olókun ni mo yà, àwọn igun mẹ́rin kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀ nínú. Inú mi dùn sí i ju ohunkóhun tí mo ti kùn rí lọ.

Tí o bá ti ráyè dé Warhammer World, ibi tí Games Workshop ń pàtẹ ère wọn sí ní Nottingham yín níbẹ̀, má ya fọ́tò iwájú fún mi, mo ti rí ìyẹn tó. Bá mi ya ẹ̀yìn àwọn ère ńlá wọn, ní ọ̀gangan ìbàdí àti ọrùn ẹsẹ̀. Má sì fi ọ̀dà agolo tí a ń fín ránṣẹ́ o, wọn ò ní jẹ́ kó wọ bàálù. Ọ̀dà olómi inú ike kékeré ni kí o kó, pàápàá aláwọ̀ idẹ.

Kí ìyàwó bá mi. Mò ń retí ẹsẹ̀ tí o gé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní