Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n fi sí àárín ìlà

Ẹ̀yin ọmọ wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín gbé wá sí Kánádà ni mò ń kọ lẹ́tà yìí sí, ẹ̀yin tí ẹ síngbọnlẹ̀, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù Kánádà (Canadian football, èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ gbé sáré) ní ilé ẹ̀kọ́ yín wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì ní kí ẹ lọ tò sí ìlà iwájú. Ọ̀kan nínú yín sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n fún òun, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé òpin rẹ̀, òun kò gbé bọ́ọ̀lù sáré rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò pariwo orúkọ òun. Mi ò bá a jiyàn lọ́jọ́ náà. Ìtàn Eagle Keys, agbábọ́ọ̀lù Kánádà àtijọ́ tó wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn, kí ẹ̀yin yòókù sì bá wa gbọ́.

Eagle, ìyẹn ẹyẹ idì, ni orúkọ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ìnagijẹ. Kentucky ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1923. Ó ṣiṣẹ́ ológun Marines nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì wá sí Kánádà ní 1949, níbi tí òun àti ikọ̀ Alouettes ti Montreal ti gba Grey Cup, ife ẹ̀yẹ tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù Kánádà, lọ́dún náà gan-an. Ẹni àárín ni. Nítorí àwọn òbí yín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀: ènìyàn 12 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́ta péré ni wọ́n sì ní láti fi gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì 10. Ẹni àárín á la ẹsẹ̀, á tẹ̀ ba, á di bọ́ọ̀lù mú lórí koríko, á sì jù ú gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn sí ẹni tó ń darí eré. Kí ó tó gbé orí sókè, ẹni tó dojú kọ ọ́ ti kọlù ú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ wo eré yìí ní Taylor Field ní Regina, ẹ̀wù mẹ́ta ni mo wọ̀, òtútù sì tún mú mi. Bọ́ọ̀lù ni mò ń fojú wá kiri, òkìtì ènìyàn nìkan ni mo sì ń rí. Bàbá kan tó jókòó tì mí bu kọfí fún mi nínú fìláàsì rẹ̀, ó ní kí n gbàgbé bọ́ọ̀lù, kí n máa wo ẹsẹ̀ àwọn márùn-ún tó tẹríba níwájú. Ọjọ́ náà ni eré náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi.

Ní 1954, Keys ti wà ní ikọ̀ Edmonton, wọ́n sì pàdé Montreal ní àṣekágbá Grey Cup ní Toronto. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ nínú eré náà, síbẹ̀ ó ń bá a lọ. Montreal ń ṣíwájú ní 25 sí 20 nígbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Chuck Hunsinger ti Montreal. Jackie Parker ti Edmonton ṣà á, ó gbé e sáré dé òpin pápá, Edmonton sì borí ní 26 sí 25. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí Keys, tí wọ́n sì fi ń yìn ín. Èmi kò fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn kọ́ṣe. Ìgboyà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tún gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn sáà náà. Bí wọ́n bá kọlù yín tí orí sì ń fọ́ yín, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó padà sí pápá. Ẹni tó bá pè yín ní ojo, ẹ jẹ́ kó máa wí.

Ohun tó sọ ọ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ojú tó fi ń wo eré. Ẹni àárín gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni ọ̀tún àti ẹni òsì rẹ̀ fẹ́ ṣe, kí ó sì fura sí èrò àwọn tó dojú kọ wọ́n, kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà ṣe èyí ti kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá dé ìdajì láìsanwó. Síbẹ̀, kò fò gun orí àga: igbákejì ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ní Edmonton, ó di 1959 kó tó di olórí, Ottawa sì lù wọ́n ní àṣekágbá ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ní 1965, ó di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Saskatchewan Roughriders, ikọ̀ Regina níbí. Ikọ̀ yìí ti dé àṣekágbá Grey Cup lẹ́ẹ̀mẹjọ, ẹ̀ẹ̀kíní rẹ̀ ní 1923 tí wọ́n bí Keys fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni wọ́n sì fìdí rẹmi. Nígbà tí wọ́n pàdé Ottawa ní Vancouver ní 1966, 14 sí 14 ni wọ́n jọ wà nígbà ìsinmi, ṣùgbọ́n 29 sí 14 ló parí sí. Ron Lancaster ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta tó di ayò, George Reed sì gbé bọ́ọ̀lù sáré gan-an. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pariwo. Ta ló wá dá àwọn ọ̀tá dúró kí Lancaster tó ráyè ju bọ́ọ̀lù, ta ló sì la ọ̀nà fún Reed? Ted Urness, ọmọ Regina, ni ẹni àárín wọn, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti wà ní ipò náà rí ló sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ pápá.

Kì í ṣe pé ayé rẹ̀ dùn láti ìgbà náà lọ. Hamilton nà wọ́n ní 24 sí 1 ní àṣekágbá 1967. Ní 1970, wọ́n borí nínú eré 14 lára 16, wọ́n sì wá pàdé Calgary ní ilé ara wọn ní Regina kí wọ́n lè lọ sí àṣekágbá. Bí eré ṣe ń parí lọ, nínú òtútù àti ẹ̀fúùfù, Larry Robinson ti Calgary gbá bọ́ọ̀lù kan gba àárín òpó kọjá, Saskatchewan sì fi àmì kan ṣoṣo pàdánù, 15 sí 14. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Keys ti kó lọ sọ́dọ̀ B.C. Lions, ó ń kọ́ àwọn mìíràn. Ní 1990 ni wọ́n gbà á sí ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù Kánádà, ó sì kú ní 2012.

Ìwọ ọmọ mi tó ní iṣẹ́ ẹrú ni, mò ń bọ̀ wá wo eré yín ní Sátidé. Ẹ̀yìn òpó ni mo máa jókòó sí, níbi tí mo ti lè rí ẹsẹ̀ yín dáadáa, màá sì gbé fìláàsì kọfí lọ́wọ́. Bí eré bá parí, kí o wá sọ fún mi ohun tí ẹni tó dojú kọ ọ́ máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe kí ó tó kọlù ọ́.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Regina.