Ìpè Sí Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́ Lórí Ògiri Olójú Iwájú Gbọ̀ngàn Wa

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ọmọ ìlú nílé àti lẹ́yìn odi, a kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ ògiri yìí ti bẹ̀rẹ̀: a fẹ́ fi irin àti sìmẹ́ǹtì ṣọnà ojú ogunlọ́gọ̀ èrò sára ògiri iwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìbàdàn. A kò ní pìtàn ìyókù mọ́. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé iṣẹ́ ti dúró. Apá òsì ti pé: àwọn ojú iwájú yọ síta dáadáa, ilà àbàjà hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, àwọn tí ó wà lẹ́yìn sì ń wọnú ògiri lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n fi di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹni tí ó ń wò ó lè mọ̀ pé èrò ṣì pọ̀ lẹ́yìn. Lápá ọ̀tún, irin àti wáyà lásán ni òjò ń pa. Irin tí ó bá dípẹtà a máa wú, bí ó bá sì wú, yóò la sìmẹ́ǹtì tí a fi bò ó. Bí òjò ọdún mìíràn bá bá a níbẹ̀, àwọn ojú tí ó ti parí pàápàá yóò bàjẹ́.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ nípa owó àkọ́kọ́ tí a dá fún iṣẹ́ yìí. Owó náà kò sí lápò ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ṣírò iṣẹ́ yìí, àpò sìmẹ́ǹtì kan kò tó ₦5,000. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti ré kọjá ₦10,000. Ìwé ìṣirò wà lọ́wọ́ akápò, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó wá wò ó. Oríkì Ìbàdàn, “níbi olè gbé ń jàre olóhun” tí àwọn aláwàdà ń kì fún akápò nípàdé kò dùn mọ́ wa nínú.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn tí ó jiyàn jù lórí ojú ẹni tí yóò wà níwájú ni owó wọn kò tíì wọlé. A jọ fẹnu kò pé ojú ẹnì kan pàtó kọ́ ni a ó gbẹ́ síbẹ̀, síbẹ̀ àwọn kan di owó ìlérí mú nítorí pé a kò gbé baba wọn síwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí bí a ṣe tẹ Ìbàdàn dó lọ́dún 1829: Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni wọ́n jọ wà ní ibùdó ogun yẹn. Ìlú mìíràn lè ní babańlá kan ṣoṣo tí wọn yóò gbẹ́. Ogunlọ́gọ̀ ni tiwa.

Ẹ wo Òṣogbo, tí àwọn baba wa gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìlọrin lọ́dún 1840. Adébísí Àkànjí, tí ó jẹ́ bíríkìlà kí ó tó di oníṣọ̀nà, wà lára àwọn tí ó bá Susanne Wenger, oníṣọ̀nà ará Austria, fi sìmẹ́ǹtì ṣọnà sí igbó Ọ̀ṣun, àjọ UNESCO sì fi igbó náà kún ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Ifẹ̀ ti gbé ère Mọrèmi dìde. Ṣé àwa ọmọ Olúyọ̀lé ni a ó wá máa fi irin dídípẹtà han àlejò?

₦20,000 ni ti ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ₦100,000 ni ti agboolé. Ẹ san án sí àkáǹtì ẹgbẹ́ kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ kọ orúkọ àti agboolé yín sí i, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

A ó ka orúkọ àwọn tí ó san ní ìpàdé tí ń bọ̀. A kò ní ka ti àwọn tí kò san, ṣùgbọ́n àwọn àna yín yóò wà níjókòó, wọ́n á sì gbọ́ orúkọ tí a kò kà.

Ìgbìmọ̀ Alákòóso